Bí Ike Ṣe Jogún Orúkọ Igbá

Ìtàn tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn àwọn nǹkan tí olúkúlùkù wa ń fọwọ́ kàn láàárọ̀ àti lálẹ́ ni: igbá, ẹní, kànrìnkàn, tẹ̀sùbáà, àti búútà tí a fi ń ṣe àlùwàlá. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní, "Ìtàn wo ni ó wà nínú kànrìnkàn?" Kí ó ní sùúrù, kí ó kà á délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé kéú wa ní Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ kan, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta lọ kọ orúkọ gbogbo ohun tí a fi ike ṣe nínú ilé wọn wá. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, ẹni tí ó kọ jù lọ nínú wọn kọ nǹkan 11: bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì, abọ́, àga, ife, ọ̀rá omi, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà a ní kí wọ́n wo ohun tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní ẹní ni. A ní kí wọ́n fọwọ́ pa á, ike ni. A ní kí àwọn ọmọbìnrin fọwọ́ kan híjáàbù orí wọn; èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, epo rọ̀bì ni a fi ṣe fọ́nrán rẹ̀, kì í ṣe òwú. A wá na tẹ̀sùbáà ọwọ́ wa sókè láti fi ohun tí kì í ṣe ike hàn wọ́n, ni ojú bá tì wá, nítorí pé ike ni òun náà. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 10 bi wá pé, "Aáfà, ṣé ẹní tí a jókòó lé yìí kì í wá ṣe ẹní mọ́ ni?" A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí a rí lẹ́yìn ìwádìí ni a kọ sílẹ̀ yìí.

IGBÁ NÍ Ọ̀YỌ́ ÀTI NÍ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun láàárín ọdún 1830 sí 1840. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà lára àwọn tí ó kún ìlú náà, títí di òní ni a sì mọ Ọ̀yọ́ mọ́ iṣẹ́ awọ àti igbá fínfín. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó gbé ní Ọ̀yọ́, tí ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897 kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ka fífín igi àti fífín igbá mọ́ iṣẹ́ àwọn ọkùnrin Yorùbá. Ó tò ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, òwò, aṣọ híhun, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti iṣẹ́ awọ. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ìdílé ni, kì í ṣe eré.

Igbá kì í sì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ahá ni a fi ń mu omi; akèrègbè ni àgbẹ̀ fi ń gbé omi lọ sóko; àdó ni oníṣègùn ń kó oògùn sí; igbá ọlọ́mọrí tí a fín dáradára ni ìyàwó ń kó ẹrù sí lọ sílé ọkọ. Oko ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Bí èso náà bá gbó, a ó ká a, a ó là á, a ó rẹ ẹ́ sómi kí inú rẹ̀ lè rà, a ó ha á, a ó sá a sóòrùn, lẹ́yìn náà ni afíngbá yóò fi ọ̀bẹ rẹ̀ kọ ọnà sí i lára. Bí ó bá sán, a ó fi okùn gán an. Bí ó bá fọ́ kọjá àtúnṣe, ààtàn ni, ilẹ̀ yóò sì jẹ ẹ́ láàárín ọdún mélòó kan.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a dàgbà sí, ilé ìyá wa àgbà kò yàtọ̀. Inú àmù ni omi wà, inú ìṣàsùn ni ọbẹ̀ wà, ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, igbá ni a ń bu ọkà láfún sí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ra abọ́ ike aláwọ̀ ewé wá fún un láti ọjà, inú ìyá dùn, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ní, "Ẹ bá mi gbé igbá wá," abọ́ yẹn ni a ń gbé fún un. Igbá gidi wọ inú àjà lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ pé igbá ti kúrò nílé, nítorí pé a kò dẹ́kun láti máa pe orúkọ rẹ̀.

ÀFARAWÉ NI A FI BẸ̀RẸ̀ IKE

Ohun tí a ń pè ní ike, tí ẹlòmíràn ń pè ní rọ́bà, tí a sì ń pè ní ọ̀rá tàbí láílọ́ọ̀nù nígbà tí ó bá fẹ́lẹ́, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti wá. Rọ́bà tòótọ́, oje igi ni. Ẹ ò rí i pé nígbà tí a ti pe ike ní rọ́bà ni a ti fi orúkọ olórúkọ fún un.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ike ti ń fara wé nǹkan mìíràn. Ní ọdún 1869, ará Amẹ́ríkà kan, John Wesley Hyatt, fi òwú àti kánfọ̀ ṣe ohun tí a ń pè ní celluloid. Ohun tí ó ń wá ni èyí tí yóò dúró dípò eyín erin, nítorí pé eyín erin ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù eré bílíádì, ó sì wọ́n. Ní 1907, Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Belgium tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe Bakelite, tí kò ní òwú tàbí oje igi kankan nínú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi irú rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí ó jọ áḿbérì, tí wọ́n ń tà á káàkiri Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Wọ́n fi ṣe tẹ̀sùbáà pẹ̀lú. Ní 1933, ní ìlú Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe polythene, èyí tí ó di ọ̀rá lọ́wọ́ wa. Ní 1935, Wallace Carothers ṣe nylon ní Amẹ́ríkà, ó dípò ṣẹ́dà. Ní 1941, Whinfield àti Dickson ṣe polyester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń lé òwú kúrò lọ́jà títí di òní.

Eyín erin, áḿbérì, ṣẹ́dà, òwú. Gbogbo ohun tí ike gba ipò rẹ̀ ni ó ní orúkọ kí ike tó dé. Ike kò nílò orúkọ tirẹ̀ kí ó tó wọlé. Ti ẹni tí ó bá nílé ni ó ń jẹ́.

OHUN TÍ Ó WỌLÉ LÁBẸ́ ORÚKỌ ÀTIJỌ́

Bí ó ṣe rí nílé wọn náà ni ó rí nílé wa. Ẹní koríko lọ, ẹní ike dé. Ẹní ni a ń pè é. Kànrìnkàn tí a ń lù jáde lára ìtàkùn lọ, èyí tí a fi okùn ike hun bí àwọ̀n dé; kànrìnkàn náà ni. Tẹ̀sùbáà tí a fi igi tàbí kóró èso ṣe di ike. Iyùn tí àwọn ìyàwó ń so mọ́rùn, ike ni púpọ̀ nínú èyí tí ó wà lọ́jà. Bàtà àti tìmùtìmù tí a ń pè ní ti awọ, tí àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ fi lókìkí, rẹ́síìnì ti wọ inú rẹ̀, rẹ́síìnì sì ni aṣọ tí a fi ike bò lójú. Aṣọ òkè ṣáínṣáín tí a fi ń ṣe ìnáwó, okùn tí ń dán nínú rẹ̀ jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi àlùmíníọ̀mù pa lójú. Pákò, tí Ànábì wa fẹ́ràn irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti fi àyè sílẹ̀ fún búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ jẹ́ nylon. Ọdún 1938 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yà kejì wà tí ó fara pamọ́ ju èyí lọ: ike tí ó wà nínú ohun mìíràn. Agolo irin ni a rò pé a gbé dání, ṣùgbọ́n a ti fi ike fẹ́lẹ́ kùn ún nínú kí irin má baà kan oúnjẹ. Ife bébà tí a fi ń pín tíì níbi ìnáwó, a fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ omi yóò jò. Ọ̀pọ̀ àpò tíì tí ó ń dán bí ṣẹ́dà, nylon tàbí irú ike tí a fi ń ṣe ìgò omi ni. Nínú àwọn ti bébà pàápàá, ike ni a fi lẹ ẹnu òmíràn pọ̀. Ṣíngọ́mù, tí wọ́n ń fi oje igi ṣe tẹ́lẹ̀, ike tí ó rọ̀ ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Aṣọ tútù inú ọ̀rá tí àwọn ìyá ọmọ fi ń nu ìdí ọmọ, fọ́nrán ike wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Irun àtọwọ́dá tí àwọn onídìrí ń fi kún irun, ike ni èyí tí kì í bá ṣe irun ènìyàn.

KÍ NI Ó BURÚ NÍNÚ RẸ̀?

Igbá tí ó fọ́ ń padà di ilẹ̀. Ike tí ó gbó kì í di ilẹ̀. Wẹ́wẹ́ ni ó ń dì. Ní 2004, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Thompson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa ègé ike tín-tìn-tín tí wọ́n rí nínú iyanrìn etí òkun. Ní 2011, àwọn onímọ̀ mìíràn fi hàn pé aṣọ kan ṣoṣo tí a fi ike hun lè tú fọ́nrán tí ó lé ní 1,900 sínú omi nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2019, àwọn olùkọ́ Yunifásítì McGill ní Kánádà ti àpò tíì oníke bọ omi gbígbóná. Wọ́n ní àpò kan tú ègé tí ó tó bílíọ̀nù 11.6 sínú ife kan. Ní 2022, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22 wò, wọ́n rí ike nínú ẹ̀jẹ̀ 17 nínú wọn. Ní 2024, àwọn dókítà ilẹ̀ Ítálì yẹ ọ̀rá tí ó dí iṣan ọrùn ènìyàn 257 wò. Wọ́n rí ike nínú ti 150. Àwọn tí wọ́n rí i lára wọn ní àrùn ọkàn tàbí àrùn rọpárọsẹ̀, tàbí kí wọ́n kú, ju àwọn yòókù lọ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Èyí kò tíì fi hàn pé ike ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí ọlọ́gbọ́n ń fi ṣọ́ra.

Yàtọ̀ sí ègé rẹ̀, àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ike. Ọ̀kan ni bisphenol A, tí ó máa ń ṣe bí èròjà ara obìnrin nígbà tí ó bá wọ ara. Ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dè é nínú fídà ọmọdé ní 2011, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2012. Ní òpin 2024, Yúróòpù fi òfin dè é nínú gbogbo ohun tí ó ń kan oúnjẹ, títí kan inú agolo, wọ́n sì fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àkókò láti yí padà. Ohun mẹ́rin ni ó ń mú kí ike tú nǹkan sínú oúnjẹ: ooru, òróró, oòrùn, àti kí ike náà gbó tàbí kí ara rẹ̀ ha. Ẹ wá wo ọkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná tí a dì sínú ọ̀rá, àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ olóróró tí a sè nínú ọ̀rá fún wákàtí kan, àti ọ̀rá omi tí a kó jọ sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù.

OORE TÍ IKE ṢE

A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ike kò ṣoore rí. Àpò ẹ̀jẹ̀ àti okùn omi ìwòsàn tí ó ń gba ẹ̀mí là ní ilé ìwòsàn, ike ni. Kẹ́ẹ̀gì tí ó fúyẹ́ ti dín ìyà àwọn ọmọbìnrin tí ń ru ìkòkò omi láti odò kù. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kò jẹ́ gbàgbé sòbìà, àrùn tí ń dá àgbẹ̀ jókòó nígbà ìkórè. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń ṣe ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi lé e lọ ni asẹ́ tí a fi nylon hun, tí àwọn ará abúlé fi ń sẹ́ omi mu kí kòkòrò tí ń gbé ọmọ sòbìà má baà kọjá. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe ní Nàìjíríà. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: asẹ́ yẹn, gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ó jẹ́ àti ìdí tí wọ́n fi ń lò ó. A kò sọ pé kí ike kúrò láyé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ̀ ọ́n nígbà tí a bá rí i, kí a lè yan ibi tí ó yẹ kí ó wà.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A KỌ́ NÍNÚ ÀÀWẸ̀

Nínú Ramadan kan, a ń fún àwọn ọmọ kéú ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ láti fi ṣínu. Inú ọ̀rá ni ìyá ẹlẹ́kọ ń rọ ẹ̀kọ sí. Ọmọ á bu igun rẹ̀ jẹ, á máa fà á mu. A bá ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Aáfà, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni ó ń jẹ́ kí n rí tà kí ìrun tó dé. Ta ni yóò fọ ife 80?" Òótọ́ ni ó sọ. A ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ife onírin tirẹ̀ wá láti ilé, kí ó sì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn yanjú.

Ti ọ̀lẹ̀lẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ewé eéran wọ́n ju ọ̀rá lọ, ó sì ń fẹ́ fífọ̀ àti pípọ́n. Ìyá wá dá a lọ́gbọ́n, ó kó agolo mílíìkì jọ, ó ń sè é nínú rẹ̀. A yìn ín níwájú àwọn òbí pé ìyá ti kúrò nínú ike. Ó di ìgbà tí a ń ka nǹkan fún àpilẹ̀kọ yìí kí a tó mọ̀ pé inú agolo náà ní ike tí a fi kùn ún. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ láti wo abẹ́ orúkọ, "irin" tán wa jẹ. A padà lọ bá ìyá, a tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ṣe tán, ewé náà ni." Àwọn òbí gbà láti dá owó díẹ̀ kún owó ọ̀lẹ̀lẹ̀, àwọn ọmọbìnrin àgbà inú kéú sì ń bá ìyá fọ ewé lọ́jọ́ Alámísì. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni owó náà ń pé. Lọ́jọ́ tí kò bá pé, ẹ̀kọ àti àkàrà ni a ń jẹ.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Ẹ kọ́kọ́ mú oúnjẹ gbígbóná kúrò nínú ike, nítorí ibẹ̀ ni ewu ti pọ̀ jù. Ewé, abọ́ onírin tí kì í dípẹtà, àwo amọ̀ àti gíláàsì ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe kó omi ọlọ́rá sínú oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ mu tíì, ẹ ra ewé rẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ.

Ní ti aṣọ, ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀: polyester, nylon àti acrylic, ike ni gbogbo wọn, cotton ni òwú. Bí kò bá ní lébẹ́ẹ̀lì, kí àgbàlagbà fa fọ́nrán kan yọ, kí ó fi iná sí i. Òwú yóò jó bí bébà, yóò sì di eérú rírọ̀. Ike yóò yọ́, yóò ká jọ, yóò sì di kókó líle. Ẹni tí ó bá ṣe èyí nínú ilé rẹ̀ ní àṣálẹ́ kan, ẹnu yóò yà á.

Ní ti igbá, àwọn tí ń fín in ṣì wà ní Ọ̀yọ́. Àlejò ni ó ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀ láti fi kọ́ ara ògiri. Bí àwa ọmọ onílé bá ra ahá méjì péré láti fi mu omi, afíngbá yóò ní ìdí láti kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Àgbà bọ̀, wọ́n ní onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pańkàrá kí a tó bá a fi kólẹ̀. Tiwa burú ju ìyẹn lọ: a gbé orúkọ igbá wa fún ohun tí kì í ṣe igbá, a wá gbàgbé igbá.

Ọmọbìnrin tí ó bi wá ní ìbéèrè ti gba èsì rẹ̀. A sọ fún un pé ẹní ni, nítorí pé a ń jókòó lé e, ṣùgbọ́n kí ó máa pe orúkọ rẹ̀ tán: ẹní ike. A ní kí ó tún lọ kọ ti ilé wọn wá. Nǹkan 7 ni ó kọ nígbà àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọ 34, ó sì fa ìlà sábẹ́ àwọn tí ó ń kan oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ti mú 5 kúrò nínú wọn. Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ojú tí ó ń rí ohun bí ó ti rí, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.